Pésímékà Màmá, Ọwọ́ Tó Wú: Ṣé Wọ́n Gún Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n fi pésímékà, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, sí ìyá wa láyà lápá òsì. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n sì ń lo wàfáríìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ojú ibẹ̀ ti dúdú wá sí apá, láti àná ni ọwọ́ òsì náà sì ti ń wú. Àbí wọ́n gún iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Dídúdú yàtọ̀ sí wíwú o. Ọwọ́ tó wú yẹn ni kí dókítà rí lónìí.

Abẹ́ eegun tó dábùú láti ọrùn sí èjìká ni wọ́n ti ń wá iṣan àbọ̀, èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, kí wáyà ẹ̀rọ náà lè gba inú rẹ̀ dé ọkàn. Iṣan àlọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, fara tì í pẹ́kípẹ́kí, ẹ̀dọ̀fóró ò sì jìnnà sí wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà bọ́ sínú iṣan àlọ, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ni yóò máa ta jáde bí ọkàn ṣe ń lù; ti àbọ̀ á dúdú díẹ̀, á rọra máa ṣàn. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́, wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì sábà máa ń parí síbẹ̀. Wàhálà dé tí wọn ò bá mọ̀, tí wọ́n wá ti ọ̀pá ike tí wáyà ń gbà kọjá bọ ihò náà. Ọ̀pá yẹn nípọn. Ẹni tó bá fà á yọ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú àyà níbi tí ọwọ́ ò lè tẹ̀. Wọ́n á fi í síbẹ̀ ni, wọ́n á ké sí oníṣẹ́ abẹ iṣan. Irú èyí kì í sábà pẹ́ kó tó fara hàn. Ṣùgbọ́n bí ojú egbò bá ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ sọ fún wọn.

Dúdú yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó jò sábẹ́ awọ ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Á di bí ewé, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á lọ. Ẹ má dá wàfáríìnì dúró fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ INR wò, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Àmọ́ bí àpò ẹ̀rọ náà, ìyẹn abẹ́ awọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí, bá le gan-an, tó ń dán, ẹ tètè gbé wọn lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀: bí kòkòrò bá wọ àpò yẹn, àtẹ̀rọ àti wáyà ni wọ́n máa yọ.

Ní ti wíwú, mo fura sí ẹ̀jẹ̀ tó dì mọ́ ara wáyà nínú iṣan àbọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ò fi ráyè padà. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn apá méjèèjì ní ibi kan náà lókè ìgbọ̀nwọ́. Ẹ yọ òrùka ọwọ́ náà kó tó há. Ẹ wo àyà bóyá àwọn iṣan kan yọ gedegede. Ultrasound, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má fi róòbù tàbí omi gbígbóná wọ́ ọ rárá. Irọ̀rí ni kẹ́ ẹ fi gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀.

Bí èémí wọn bá ń há, tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, pàjáwìrì nìyẹn, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ má gbàgbé káàdì pésímékà wọn nílé.