Ọmọ mi fẹ́ wo fíìmù òkú tó ń jẹ èèyàn

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Winnipeg ní Kánádà la wà. Wọ́n fi fíìmù Slash/Back han ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ní kíláàsì. Àwọn ọmọdébìnrin Inuit, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá Kánádà, ń bá ẹ̀dá abàmì jà, ẹ̀jẹ̀ ń tú, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí ó fẹ́ wo Blood Quantum, tí òkú ti ń dìde jẹ èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀?
Ìyá Dámi

Ìyá Dámi, ẹ kú àmójútó ọmọ. Èmi àti ọmọkùnrin mi ti wo méjèèjì. Blood Quantum le púpọ̀, wọ́n ń gé ara èèyàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ẹ̀rín yẹn. Ìjọba Kánádà kó ọmọ àwọn onílẹ̀ bíi 150,000 lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń jẹ wọ́n níyà tí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ní Slash/Back, tí Nyla Innuksuk ṣe ní Pangnirtung, ìlú àwọn Inuit, ẹ̀dá abàmì náà ń gbé awọ ẹranko àti ti èèyàn wọ̀. Maika, tó ń tijú pé Inuit lòun, ọgbọ́n ọdẹ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ló fi ń jà. Inú mi dùn gan-an níbẹ̀, torí ọmọ tèmi náà ti tijú orúkọ rẹ̀ rí.

Àwa Yorùbá náà kúkú ti fi àjèjì ṣe ẹ̀rín rí. Ní 1826, eégún aláré ṣeré fún Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀kan jáde bí òyìnbó: ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fa aáṣáà símú, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn èrò ìran gbádùn rẹ̀ gan-an. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín.

Ní Blood Quantum, àrùn tó ń sọ èèyàn di òkú tó ń jẹ èèyàn kì í ran àwọn Mi'kmaq, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Kánádà. Àwọn òyìnbó tó há wọn mọ́ orí ilẹ̀ kékeré ló wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá jọ wò ó, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ ẹja salmon tí wọ́n ti la nínú ló kọ́kọ́ jí dìde. Ọdún 1981 ni ìtàn náà wáyé. Ọdún yẹn gan-an ni ọlọ́pàá Quebec ya wọ Listuguj, ìlú àwọn Mi'kmaq tí wọ́n ti bí Jeff Barnaby tó ṣe fíìmù náà, nítorí ẹja salmon tí àwọn ará ìlú náà ń pa.