Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Èló la ń díye lé dídí puulu ẹ̀yìnkùlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olótùú wa. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, Ìkẹjà ni mo wà. Oníbàárà mi kan fẹ́ kí n dí puulu ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Ó gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 5. Apá kan jìn ní mítà 1.2, apá kejì 2.4. Báwo ni kí n ṣe ṣírò owó rẹ̀ tí n kò fi ní fi owó ara mi parí iṣẹ́?

Ìdáhùn: Fífọ́ kọ́ ló ń jẹ owó jù nínú iṣẹ́ yìí o, yẹ̀pẹ̀ tó máa dí ihò náà ni. Tí ilẹ̀ puulu náà bá dà gẹ̀rẹ̀ láti apá kan sí èkejì, ẹ mú àárín 1.2 àti 2.4, ìyẹn 1.8. 10 lọ́nà 5 lọ́nà 1.8 jẹ́ kúbíìkì mítà 90. Tó bá jìn lójijì láàárín, ẹ wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ bi onílé léèrè ohun tó máa wà lórí ibẹ̀. Tó bá jẹ́ koríko àti òdòdó, ẹ lè fọ́ òkè ògiri nìkan, kí ìyókù wà nínú ilẹ̀. Tó bá fẹ́ kọ́lé sí i, ìbáà ṣe ilé mẹ́gádì, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde: tí ògiri àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, bíi kúbíìkì mítà 21 kọnkéré nìyẹn, àádọ́ta tọ́ọ̀nù tí típà máa kó lọ. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé, torí ẹni tó ń sọ koríko lónìí lè máa sọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́la. Ní Èkó, LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti wó nǹkan. Ẹ lọ bá wọn kí hámà tó kan ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò kékeré sórí ògiri kí ẹ rí inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù gbà fún hámà. Tó bá jẹ́ kọnkéré tó ní irin nínú, ẹ máa háyà ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré. A ó fi sẹ̀ǹtímítà 20 ṣe ìnípọn rẹ̀ níbí.

Tó bá jẹ́ koríko ló máa wà lórí ibẹ̀, ẹ wó ògiri wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75 yí ká. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 30, nítorí náà 30 lọ́nà 0.75 lọ́nà 0.2 jẹ́ 4.5. Etí rẹ̀ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, tó bá fẹ̀ ní mítà kan, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, á fi 3.4 kún un. Àpapọ̀ 7.9. Tí irin bá wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣírò ju kúbíìkì mítà 2 lójúmọ́ fún ẹ̀rọ ọwọ́ kan. Kọnkéré tó bá fọ́ máa ń wú, 7.9 yẹn á di bíi 12. Ìsàlẹ̀ ihò lẹ máa dà á sí, ẹ ò ní san owó típà lé e. Ẹ gé irin rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ti bá onílé sọ ẹni tó ni owó àwọn oníṣòwò irin àlòkù.

Yẹ̀pẹ̀ á wọ àárín àwọn àfọ́kù náà, nítorí náà 7.9 lẹ máa yọ kúrò nínú 90, kì í ṣe 12. Ó kù bíi 82 tí yẹ̀pẹ̀ pupa máa dí. Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú típà kò tíì kì. Ẹ fi ìdá 30 nínú 100 kún un, ó di 107. Ẹ má fi orúkọ “tọ́ọ̀nù 20” ra yẹ̀pẹ̀, ẹ na tépù sínú típà náà. Èyí tó gba kúbíìkì mítà 10 á wá lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ wọn géètì pẹ̀lú: tí típà ò bá lè wọlé, lébírà ló máa fi bárò kó gbogbo rẹ̀, owó wọn á sì fò sókè.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá lu ihò sí i, omi òjò á dúró sínú rẹ̀ bí omi inú ìkòkò, ilẹ̀ á rọ̀, á sì rì. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí gbogbo mítà onígun mẹ́rin 4, bíi 12 tàbí 13, kí wọ́n pọ̀ jù níbi tó jìn. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ kì í kí òmíràn tó wọlé. Ìpele bíi 8 sí 12 nìyẹn ní apá tó jìn. Ẹ ka owó háyà ẹ̀rọ náà. Ẹ ka típà kan sílẹ̀ fún ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rì díẹ̀.

Àwọn ìnáwó tó máa ń fara pamọ́: iná inú omi àti pọ́ǹpù tí oníṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ já láti orísun, àti omi oníkẹ́míkà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wọ gọ́tà. Ẹ fi ìdá 15 nínú 100 lé gbogbo rẹ̀ fún ohun tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ní Lẹ́kí, mo fa omi puulu mi tán, ó tún ń yọ láti ìsàlẹ̀. Ṣé mo lè dí i bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Omi ilẹ̀ yín ló súnmọ́ òkè. Puulu tó ṣófo lójú òjò lè léfòó, kí ó fọ́ páìpù ká, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é. Ní kété tí ẹ bá fa omi tán, ẹ lu ibi tó jìn jù kí omi lè wọlé, kí agbára rẹ̀ dọ́gba nínú àti lóde. Ẹ má da yẹ̀pẹ̀ pupa sínú omi, ẹrọ̀fọ̀ ló máa dà. Òkúta àfọ́kù àti iyanrìn ni kí ẹ fi kún un títí ẹ ó fi kọjá ojú omi, kí yẹ̀pẹ̀ pupa tó wá bẹ̀rẹ̀.