Ìyàwó mi lóyún: sẹ́ńtà abúlé ni àbí ọsibítù ìlú?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Àgbẹ̀ ni mí, ìyàwó mi sì lóyún oṣù mẹ́ta. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan wà lábúlé wa tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé, àmọ́ àwọn ará ibí ní Panadol nìkan ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀. Ọsibítù ìjọba jìnnà, owó ọ̀kadà débẹ̀ kò sì kéré. Ibo ni kí n mú un lọ?

Ìdáhùn: A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ o. Ẹ mú un lọ sí sẹ́ńtà abúlé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró kí ikùn yọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni aboyún tí a kọ́kọ́ rí lóṣù kẹjọ, tó jẹ́ pé owó mọ́tò ìlú ni wọ́n ń tu jọ látọjọ́ yìí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó bímọ. Ta ló fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sílùú lẹ́ẹ̀mẹjọ? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe láwọn ọjọ́ yẹn kò sì gba dókítà. Wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n á fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú aboyún, èyí tí wọ́n ń lò láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú kéré ìfúnpá wíwọ̀n yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè má dun obìnrin rárá títí yóò fi di gìrì.

Bí ó bá ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí, tàbí tó jẹ́ ìbejì ló wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn á kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni kó bímọ sí. Ẹ tún béèrè bóyá agbẹ̀bí máa ń wà ní sẹ́ńtà lóru, torí ìrọbí kì í dá ìgbà. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí orí ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tàbí gìrì gbé e, ọsibítù ni kíákíá. Ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ti Panadol yẹn, mi ò ní bá wọn jiyàn, mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí, apá kan nínú rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì àwọn sẹ́ńtà tó wà nínú ètò owó yìí tààrà. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, ará àdúgbò yín náà ni wọ́n, ló yẹ kó máa bá olórí sẹ́ńtà ṣètò bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹ béèrè alága wọn lọ́wọ́ baálẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ oògùn tí kò sí fún un.

Apá kan nínú owó yìí kan náà ń gba ọ̀dọ̀ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí kò rówó san: aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó, aláàbọ̀ ara. Ẹ mú NIN ìyàwó yín dání, kí ẹ béèrè bóyá àyè ṣì wà láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí sẹ́ńtà yín.

Bó bá ti bímọ tán, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti máa gba àjẹsára, ọ̀fẹ́ ni: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà oṣù 9 àti 15. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀ síbi tí òjò kò ní dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ọmọ wá ni wọ́n á béèrè rẹ̀.