Ta ni kí ẹ fún ní nǹkan lẹ́yìn owó iṣẹ́?

Àǹtí wa tó fẹ́ ṣe ìyàwó ọmọ wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), tí wọ́n bèèrè bóyá dandan ni kí àwọn tún fún alásè, onílù àti ayàwòrán ní nǹkan lẹ́yìn owó iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà: kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ òfo débẹ̀ o. Èmi ni wọ́n máa ń kó owó ìnáwó lé lọ́wọ́ nínú ẹbí wa. Mo ti rí ohun tí 1,000 séfà, owó ilẹ̀ Benin, ń tún ṣe, mo sì ti rí ohun tí àìsí rẹ̀ ń bà jẹ́.

Ẹni tó gba owó iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́. Ọ̀gá alásè ti jèrè tirẹ̀ nínú iye tí ẹ jọ sọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ro àmàlà nínú èéfín, àwọn tó ń fọ abọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kékeré ló ń kàn wọ́n. Níbi ìyàwó àbúrò mi, ẹnìkan nínú ẹbí kó gbogbo tiwọn fún ọ̀gá, pé kó pín in. Màmá náà gbàdúrà fún wa dáadáa, wọ́n so owó mọ́ etí ìró, ó parí síbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ti yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò dúdú kún ilẹ̀, àwa ọmọ ilé la fọ̀ ọ́ pẹ̀lú léèsì lọ́rùn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo ń fi í sí: díẹ̀ kí wọ́n tó dáná, ìyókù tí abọ́ bá mọ́ tán. Ọ̀gá á fajú ro. Ẹ jẹ́ kó fà á ro.

Àwọn ọmọ alátíbàbà ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé, torí òru ni wọ́n ń wá tú u, nígbà tí àpò ti gbẹ, tí oorun ń kun olóde. Bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló máa ka àga, àga tó bá sì sọnù, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ọmọ tó ti jẹun yó, tó mọ̀ pé nǹkan ń dúró de òun, á bá yín wá àga dé ilé aládùúgbò tó jókòó lé e. Èyí tẹ́nì kan ò kà sí á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ni.

Onílù kò nílò àpòòwé, iwájú orí rẹ̀ ti tó. Kí ẹ ṣáà tètè wá bébà 500 sílẹ̀, ẹyọ 500 kì í lẹ̀ mọ́ iwájú orí ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ onílù, ti onílù ni. Èyí tí wọ́n ná ìyàwó, ti ìyàwó ni. Èyí tó jábọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ sọ ọ́ kí ìlù tó dún. Àwọn àlejò Èkó á kó náírà dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà lé èèyàn lórí lóde, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán tàbí owó ìtanràn wà nídìí ẹ̀ (bóyá ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn là tí wọ́n bá ti kọjá bodè). Onílù á gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fún afọbọ́ ní náírà kó tún máa wá ẹni tó máa bá a ṣẹ́ ẹ.

Alága ìdúró àti alága ìjókòó ti gba tiwọn láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ ayàwòrán, ọmọ tó ń gbé iná tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Awakọ̀ ìyàwó, oúnjẹ àti 2,000. Ti lèmọ́mù, sàárà nìyẹn, àgbà ilé ló ń fi í lé wọn lọ́wọ́, ẹ má dá sí i. Òṣìṣẹ́ mẹ́rì (ilé ìjọba ìlú) tó so àwọn ọmọ pọ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe; ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ.

Kí gbogbo àpòòwé wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í jó. Ẹ kọ iṣẹ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ orúkọ, torí àwọn ọ̀gá lè pààrọ̀ ọmọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.