Èpò tí ẹ kà nípa rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan pe plantain ní èpò, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wa ni. Òun kọ́, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Plantago major ni èpò náà, Yúróòpù àti Éṣíà ló ti ṣẹ̀ wá, ewé rẹ̀ sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá rọra fa ewé yẹn ya, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò yọ jáde lójú ibi tó ti ya. Àgbagbà tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ní Ìlọrin kò jọ ọ́ rárá: ewé tó wé mọ́ra wọn ló di ìtì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń so, lẹ́yìn èyí tí ìyá yóò kú, tí àwọn ọmọ ìdí rẹ̀ yóò sì rọ́pò rẹ̀.