Ẹ Bi Wá: Ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ọkùnrin ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ikọ̀ yunifásítì òun ti wọ ìdíje NCAA, àmọ́ wọn ò gbá ìpele kìíní rárá, ìpele kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣeré? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Kò fi yín ṣeré. NCAA ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, Division I sì ni ọ̀wọ́ tó ga jù nínú rẹ̀. Láti ọdún 2001, ikọ̀ 48 ló ń wọ ìdíje ọkùnrin ti Division I. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ máa ń to 16 nínú wọn sípò, láti ipò 1 dé 16. Àwọn wọ̀nyí á sinmi nígbà tí 32 yòókù bá ń gbá ìpele kìíní, ẹni tó bá yege níbẹ̀ ni yóò wá bá wọn. Inú àwọn 16 yẹn ni ikọ̀ àbúrò yín wà, ẹ bá wa kí i.

Láti ibẹ̀ lọ, 32 á di 16, 16 á di 8, 8 á di 4. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni, kò sí pé ẹ wá sọ́dọ̀ wa káwa náà wá sọ́dọ̀ yín: ẹni tó bá pàdánù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ikọ̀ tó wà nípò ló sábà máa ń gbàlejò, ìdí nìyẹn tí ipò náà fi ṣe pàtàkì ju ìsinmi lọ. Àwọn mẹ́rin tó kù ló ń lọ sí College Cup, níbi tí wọ́n ti ń gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá àti àṣekágbá fúnra rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, lórí pápá tí wọ́n ti yàn sílẹ̀. Ọdún tí ètò náà dàrú ni ti 2020: nítorí Kòrónà, ikọ̀ 36 ni wọ́n mú, ọdún 2021 ni wọ́n sì tó gbá a.

Ọ̀nà méjì ni ikọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá gba ife líìgì tirẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Àwọn tó kù wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹkún ti máa ń sọ. Ìṣirò tí wọ́n ti ń gbára lé láti ọjọ́ pípẹ́ ni RPI: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìborí tìrẹ, ìdá 50 jẹ́ ìborí àwọn tó o bá gbá, ìdá 25 tó kù jẹ́ ìborí àwọn tí àwọn alátakò rẹ bá gbá. Ẹ wò ó pé agbára àwọn alátakò gba ìlọ́po mẹ́ta agbára tìrẹ! Kọ́ọ̀ṣì tó bá fi oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án na àwọn aláìlera kó lè kó ìborí jọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa RPI rẹ̀ wálẹ̀. Síbẹ̀, àìnípò kì í ṣe ìparí ayé. Vermont kò sí nínú àwọn 16 ní 2024, àwọn náà ló sì na Marshall ní 2 sí 1 nínú àfikún àsìkò àṣekágbá.

Bàbá wa máa ń sọ pé yunifásítì aláwọ̀ dúdú kan gba ife yìí, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ṣé ìtàn ni àbí àlọ́? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìtàn gidi ni. Howard ni yunifásítì náà, ní Washington. Ní 1971, nínú àṣekágbá ní Miami, wọ́n na Yunifásítì Saint Louis ní 3 sí 2.

Kí ẹ tó mọ bí ìyẹn ṣe tó, ẹ gbọ́ ẹni tí Saint Louis jẹ́. Ọdún 1959 ni NCAA bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí pẹ̀lú ikọ̀ 8 péré. Saint Louis ló gba àkọ́kọ́, wọ́n na Bridgeport ní 5 sí 2. Nígbà tó fi máa di 1973, wọ́n ti gba mẹ́wàá, wọ́n pín ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kò tíì sí ẹni tó bá wọn dé ibẹ̀ títí dòní: Indiana ní 8, Virginia ní 7. Wọn kò lo oògùn o. Líìgì àwọn ọmọdé ti ìjọ Kátólíìkì pọ̀ nílùú St. Louis, ẹnu ọ̀nà ilé ni kọ́ọ̀ṣì ti ń ṣa ọmọ.

Lincoln Phillips, ọmọ Trinidad, ni kọ́ọ̀ṣì Howard, àwọn ọmọ Káríbíà àti Áfíríkà ló sì pọ̀ nínú ikọ̀ rẹ̀. NCAA ṣe ìwádìí, wọ́n ní àwọn kan nínú wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá, wọ́n sì fagi lé ife 1971. Ọ̀kan nínú àwọn òfin tí wọ́n gbé kà wọ́n lórí ní pé bí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè bá ti gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 19, ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi gbá a á yọ kúrò nínú ọdún tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Òfin náà kò kan ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ohun kan náà nílé. Howard gbé NCAA lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní òfin yẹn ń ya àlejò sọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1975. Ṣùgbọ́n àwọn òfin mìíràn tí wọ́n ní Howard rú kò wó, ife náà kò sì padà sílé.

Kí ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dé ni Howard ti dáhùn lórí pápá. Ní 1974, wọ́n gbá 19, wọ́n borí 19. Àṣekágbá tún di Saint Louis, ní ìlú St. Louis gan-an. Ó di àfikún àsìkò kẹrin kí Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, tó gbá èyí tó sọ ọ́ di 2 sí 1 wọlé. Kò sí yunifásítì aláwọ̀ dúdú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ife Division I ṣáájú wọn, nínú eré ìdárayá èyíkéyìí.

Àwọn ọmọ wa tún wà ní San Francisco, tó gba ife ní 1975 àti 1976: Andy Atuegbu àti Tony Igwe ti Green Eagles. Godwin Odiye náà gbá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, òun tí bọ́ọ̀lù tó fi orí kàn sínú àwọ̀n wa lọ́dún 1977 lòdì sí Tùnísíà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà.

Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ikọ̀ kan gbá ọ̀mì ní àṣekágbá, síbẹ̀ òun ló gba ife. Ṣé wọ́n ṣẹ́ gègé ni? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Pẹnáritì ni. Láti 2022, kò sí àfikún àsìkò mọ́ nínú eré líìgì, ọ̀mì ni ọ̀mì ń jẹ́. Nínú ìdíje yìí ṣá, wọ́n ń fi ìṣẹ́jú 10 lọ́nà méjì kún un, lẹ́yìn náà pẹnáritì. Ìwé NCAA ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ọ̀mì, ẹni tó yege nínú pẹnáritì ló kàn ń tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni Syracuse ṣe gbá 2 sí 2 pẹ̀lú Indiana ní 2022, tó sì fi pẹnáritì 7 sí 6 gba ife.

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń pín in ni. Ní 1967, ojú ọjọ́ burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dá eré Saint Louis àti Michigan State dúró ní òdo sí òdo, àwọn méjèèjì sì gbà á. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 1968 àti 1989. Ti 1985 ló rẹni jù: àfikún àsìkò mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 166, kí UCLA tó rí ayò kan ṣoṣo gbá wọlé Yunifásítì American.

Ọmọ mi wà ní SS3, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára gan-an. Ẹnì kan ń béèrè owó láti bá a wá ibẹ̀. Kí ni ká ṣe? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kọ́kọ́ di àpò yín mú. NCAA Eligibility Center ló ń sọ bóyá ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá. Orí ìkànnì wọn lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀ tí ẹ sì máa sanwó, kò gba ọwọ́ alágbàtà kankan. Èsì WASSCE àti èsì gbogbo kíláàsì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ṣe pàtàkì bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Kó má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù. Kó má sì jókòó ọdún mélòó kan nílé máa gbá líìgì lẹ́yìn WAEC, nítorí bọ́ọ̀lù àárín ìgbà yẹn lè jẹ nínú ọdún tó ní.

Ní ti skọ́láṣípù, ẹ má retí pé wọ́n á san gbogbo rẹ̀. Títí di 2025, skọ́láṣípù 9.9 ni yunifásítì kan lè ná sórí ikọ̀ ọkùnrin rẹ̀, kọ́ọ̀ṣì á wá gé e sí wẹ́wẹ́ fún ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, láwọn yunifásítì tó wọ inú àdéhùn tuntun tí NCAA ṣe nílé ẹjọ́, iye agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí, ó jẹ́ 28. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n sanwó fún gbogbo wọn. Ẹ béèrè iye tí ẹ máa san lọ́dọọdún lẹ́yìn skọ́láṣípù, kí kọ́ọ̀ṣì sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí ímeèlì yunifásítì. Ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ìwé I-20 tí wọ́n fi ń tọrọ físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ti ń wá. Ẹni tó bá ní òun á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí ẹ bá ti sanwó, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́.