Oúnjẹ kan náà la jọ ń jẹ, kí ló dé tí òun nìkan ń jò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kubwa ni mò ń gbé, mo ń ta aṣọ ní Wuse. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì la jọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ká fi ìrẹsì àti ẹ̀bà sílẹ̀, ká gbájú mọ́ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èso. Òun ti jò débi pé aṣọ ń bọ́ lára ẹ̀, ikùn tèmi ò lọ síbì kankan. Mo yẹ ṣúgà wò ní kémíìsì láàárọ̀ kí n tó jẹun, wọ́n ní 112 ni, pé kí n má ṣèyọnu. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ màmá mi lẹ́nu, ẹni ọdún 43 sì ni mí. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú o, oúnjẹ tó bá ara ẹlòmíì mu lẹ ń fipá jẹ. Àmọ́ ẹni tó ní kẹ́ẹ má ṣèyọnu yẹn, mi ò fara mọ́ tiẹ̀. Téèyàn ò bá tíì jẹun láàárọ̀, ṣúgà ò yẹ kó tó 100, láti 100 dé 125 ó ti ń kan ìtọ̀ ṣúgà lẹ́sẹ̀ nìyẹn, tó bá wá di 126 sókè tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ míì tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ó ti dé nìyẹn. Ti màmá yín sì tún wà ńlẹ̀. Ẹ lọ láàbù gidi, kí wọ́n yẹ ṣúgà àárọ̀ wò, HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti ìfúnpá. Tẹ́ẹ bá jẹ́ SS tàbí ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, ẹ sọ fún wọn, torí HbA1c lè parọ́ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, téèpù tẹ́ẹ fi ń wọn aṣọ fún kọ́sítọ́mà, ẹ fi wọn ikùn ara yín, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn sí egungun ìbàdí, ẹ má fa ikùn wọlé o! Tó bá ti kọjá ínṣì 31 àtààbọ̀ fún obìnrin, 37 fún ọkùnrin, ọ̀rá ti ń wọ ibi tí ò yẹ kó wọ̀. Tí ọ̀rá bá ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀, ínsúlínì (ohun tí ara ń ṣe láti fi darí ṣúgà) á máa sọ̀rọ̀, ẹ̀dọ̀ ò ní gbọ́, á kàn máa tú ṣúgà sẹ́jẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tí ṣúgà àárọ̀ fi ń ga fún ẹni tí ò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Ti ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Lọ́dún 2015 àwọn onímọ̀ ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì so ẹ̀rọ mọ́ èèyàn 800 lára fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ka ṣúgà wọn tọ̀sán-tòru, búrẹ́dì kan náà ni wọ́n jẹ o, ti ẹnì kan fò sókè, ti ẹlòmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Torí náà ẹ ra ẹ̀rọ ṣúgà kékeré (stríìpù ti wọ́n, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́), ẹ wò ó kẹ́ẹ tó jẹun, ẹ tún wò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ dán àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wò, lọ́jọ́ míì ẹ dán túwó wò, ẹ dán ẹ̀wà wò, kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ń kọjá 140, ẹ dín in kù, tàbí kẹ́ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kẹ́ẹ tó kan òkèlè, ìyẹn nìkan ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í ṣe oògùn jàre, òkèlè ńlá mẹ́ta ni òkèlè ńlá mẹ́ta. Tẹ́ẹ bá sì ń ra fúrá lọ́jà, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń pò ó, ẹ ka iye ṣíbí ṣúgà tó ń dà sí i kó tó gbé e fún yín, ẹ̀rù á bà yín.

Ẹ sì ń jókòó jù: ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀, gosiló láti Wuse dé Kubwa, bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ẹ rìn yíká àdúgbò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣan ẹsẹ̀ máa ń gba ṣúgà mọ́ra bí ínsúlínì ò tiẹ̀ ṣe dáadáa. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa jókòó kẹ́ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, títí itan á fi rẹ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní Kaduna, ẹni ọdún 61, mò ń lo Daonil, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọkùnrin kan ní gíímù ní kí n máa sáré láàárọ̀ kí n tó jẹun, pé ọ̀rá á yọ́. Ṣé kí n ṣe é? — Bàbá Kaduna

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin bàbá wa, rárá o. Ọ̀rọ̀ yẹn lè bá ọmọkùnrin yẹn lára mu, kò bá tiyín mu. Daonil á máa ti ínsúlínì jáde, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o, tẹ́ẹ bá tún wá fi eré sísá kún un, ṣúgà lè já wálẹ̀ kọjá 70, kẹ́ẹ máa làágùn, kẹ́ẹ máa gbọ̀n, kójú ṣú yín. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni kẹ́ẹ máa rìn, ìrìn nìkan náà tó, kí dọ́kítà tún oògùn yẹn wò kẹ́ẹ tó fi kún ìrìn yẹn. Ẹ máa mú ṣúgà kóró sápò. Bí ara bá ń gbọ̀n, kóró mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ jókòó, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí bàtà bo ẹsẹ̀ o, kẹ́ẹ sì yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ẹ tó tiẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.